Oore-ọ̀fẹ́: "Èló Ni?" àti "Ta Ni?"

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ lórí ohùn àárín ni màá tún kọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè ìjọ wa tó jẹ́ kí n gbé ìyẹn tì ná. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: oore-ọ̀fẹ́. Ojoojúmọ́ la ń pè é. Ẹni tó bá ra mọ́tò, oore-ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba físà, oore-ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó joyè nínú ìjọ, oore-ọ̀fẹ́ ni. Mo fẹ́ ká bi ara wa léèrè bóyá ohun tí ọ̀rọ̀ náà wí la ń wí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òjò dá mi dúró láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí màá fi dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí àyè mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ìjókòó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Háà, Prof! Ẹ máa bọ̀, sà." Ó mú mi lọ síwájú, ó di ìlà kẹta. Màmá àgbàlagbà kan ló jókòó sí etí ìlà náà, màmá tó ń ta ẹ̀kọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ó ju mí lọ ní ọdún tó tó mẹ́wàá. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí abẹ́ kánópì níta, àyè wà níbẹ̀." Màmá dìde. Ó mú àpò rẹ̀ àti Bíbélì rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ jókòó, sà." Mo sì jókòó. Ìjókòó náà ṣì gbóná.

Mi ò ní purọ́ fún yín: mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọrin, mo dáwó, mo jó lọ síwájú nígbà tí wọ́n pe àwa àgbà ìjọ, mo padà sílé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ojú tó tì mí. Èmi ló kàn láti darí ẹ̀kọ́ Bíbélì, orí kejì ìwé Jákọ́bù ló sì bọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ á ti máa rẹ́rìn-ín. Jákọ́bù ní ká wo ọkùnrin kan tó wọ òrùka wúrà àti aṣọ dáadáa wọ inú ìpàdé, tí tálákà kan tó wọ aṣọ ìdọ̀tí sì wọlé pẹ̀lú. Wọ́n fún ti àkọ́kọ́ ní ìjókòó tó dára, wọ́n ní kí èkejì dúró sọ́hùn-ún, tàbí kó jókòó sílẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ àwọn. Èmi kò wọ òrùka wúrà o. Ṣùgbọ́n "Prof" náà, òrùka ni.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Nínú ìsìn ọjọ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé àdúrà ìparí, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wa jù ni oore-ọ̀fẹ́. Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wà lẹ́nu wa tí a sì lè lé arúgbó kúrò lórí ìjókòó lábẹ́ òrùlé kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ pé nǹkan kọlu nǹkan? Ìwà wa ló ní ẹ̀bi, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ èdè ni mo ṣe jẹun láyé, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní nǹkan láti sọ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká tú u. *Oore* àti *ọ̀fẹ́* ni. Nínú èdè wa, oore kì í rìn lóun nìkan. Ọpẹ́ ń tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ wo bí òwe yẹn ṣe le tó! Ẹni tó ṣe yín lóore ti di yín mú. Bí ó bá ń ṣe ìnáwó, ẹ ó lọ. Bí ó bá ń du ipò, ẹ ó dìbò fún un. Oore ń so èèyàn pọ̀, ó sì ń sọ ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí oore-ọ̀fẹ́ dúró fún, *charis*, ṣe rí. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni wọ́n fi ń pe ẹ̀bùn, òun náà ni wọ́n fi ń pe ọpẹ́ tó ń padà sọ́dọ̀ olùfúnni. Nínú àwọn ìlú tí Pọ́ọ̀lù rìn kọjá, olówó á kọ́ ilé fún ìlú tàbí kó se àsè, ìlú á sì gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta láti fi bọlá fún un. Bí ẹ bá rò pé olówó àdúgbò yín tó ń kọ́ gbọ̀ngàn kí wọ́n lè fi í joyè ni mò ń bá wí, ẹ ò ṣìnà púpọ̀.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá mọ̀ pé oore nìkan kò ní tó. Nítorí náà wọ́n fi *ọ̀fẹ́* tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ọjà ni ọ̀fẹ́. Ìbéèrè kan ló ń dáhùn: "Èló ni?" Ó ní, "Kọ́bọ̀ kò sí nínú ẹ̀." Iṣẹ́ ńlá ni ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣe. Nínú orí kẹrin ìwé Róòmù, Pọ́ọ̀lù ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bùn: owó òṣìṣẹ́, gbèsè tí a jẹ ẹ́ ni, oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́kọ tí kò kàwé rí gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn kíákíá nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ẹni tó bá gbọ́ "grace" lédè Gẹ̀ẹ́sì ní láti dúró kí wọ́n ṣàlàyé fún un. Ní ti èyí, àwọn olùtúmọ̀ wa borí.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti lágbára ni àìlera rẹ̀ náà wà. Ọ̀fẹ́ dáhùn "Èló ni?", kò dáhùn "Ta ni?"

Ẹ wo òde àríyá. Oúnjẹ ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹnìkan kì í sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹran kan náà ló ń dé ibi gbogbo? Ẹni tó wà nídìí tábìlì iwájú á jẹ ẹja, á jẹ ẹran, wọ́n á tún gbé abọ́ tí a kọ orúkọ olóògbé sí fún un. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa ná ọrùn wo ẹni tó ń gbé àwo kọjá. Mogbọ́-moyà á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Èló ni? Ọ̀fẹ́ ni. Ta ni? Háà, ìyẹn ọ̀tọ̀. Ohun ọ̀fẹ́ lè kún fún ojúsàájú dé ẹnu.

John Barclay, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde ní 2015, *Paul and the Gift*, tó ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé láyé ìgbà náà, ọlọ́gbọ́n olùfúnni á kọ́kọ́ wo ẹni tó yẹ kó tó nawọ́: ẹni tó níran, ẹni tó níwà, ẹni tó lè san oore padà. Ohun tó yani lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ni pé ẹ̀bùn Ọlọ́run kò wo yíyẹ yẹn rárá. Ìyẹn ni pé "Ta ni?" ni ìbéèrè tó gbóná jù nígbà tí a kọ́kọ́ kọ lẹ́tà náà.

Ẹ ṣí orí kẹta ìwé Róòmù, ẹ ó rí i bí Pọ́ọ̀lù ṣe dáhùn ìbéèrè méjèèjì pọ̀. Ó kọ́kọ́ ní kò sí ìyàtọ̀, gbogbo èèyàn ló ti ṣẹ̀: ìyẹn ni "Ta ni?" Lẹ́yìn náà ló ní a dá wọn láre láìgba owó: ìyẹn ni "Èló ni?" Ní ẹsẹ 24, ọ̀rọ̀ méjì ló lò lédè Gíríìkì, *dōrean*, tó túmọ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́, àti *charis*. Nínú Bíbélì wa, ọ̀fẹ́ wà nínú méjèèjì: lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà oore-ọ̀fẹ́. Ohun tí *dōrean* ń sọ ti kó wọ inú *charis*. Àwọn olùtúmọ̀ wa sọ "kò sanwó" lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá fi "kò wo ojú ẹni" sílẹ̀ fún gbólóhùn tó ṣáájú. Bí ẹ bá gé ọ̀rọ̀ náà kúrò lára gbólóhùn yẹn, bí a ti ń ṣe nínú ẹ̀rí àti orin, ìdajì rẹ̀ lẹ mú lọ.

Mi ò sọ èyí láti fi bú Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, bí Ẹni-ọ̀wọ̀ Thomas King. Ta ni èmi? Ìwé Róòmù lédè Yorùbá jáde láti ọwọ́ Crowther ní 1850, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Bí ẹnì kan bá sì wà tó mọ ìbéèrè méjèèjì yìí lára, òun ni. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ nínú lẹ́tà kan ní 1837 pé wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin kan. Ọmọ tí wọ́n ti bi "Èló ni?" lé lórí rí, òun ló wá dàgbà tó fi ọ̀fẹ́ sínú ọ̀rọ̀ tí a ń pe inú rere Ọlọ́run. Nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà máa ń wúwo lẹ́nu mi.

"Ta ni?" náà kò fi í sílẹ̀. Ní 29 Oṣù Kẹfà 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ṣùgbọ́n Henry Townsend tó wà ní Abẹ́òkúta ti ń ta kò ó pé kí aláwọ̀ dúdú di olórí òyìnbó, nígbà tí wọ́n sì máa fún Crowther níṣẹ́, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ilẹ̀ Yorùbá kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀ lágbègbè odò Ọya. Ó kú lọ́jọ́ ìkẹyìn 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ní 2014 ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, wá tọrọ ìdáríjì ní gbangba fún ohun tí a ṣe sí i, ní kàtídírà kan náà tí wọ́n ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ṣe é, ẹni oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe ara wọn. Wọ́n gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó yẹ kó jókòó síwájú ni wọn ò gbà.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tó lè ràn wá lọ́wọ́, ojú sì wà nínú méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni *ojúrere*. Ọ̀rọ̀ ààfin nìyẹn: ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ gbójú sókè wò bóyá ojú kábíyèsí dára. Bíbélì wa lò ó fún Nóà àti fún Màríà. Èkejì ni *ojúsàájú*, èyí tí Jákọ́bù bá wí. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé ojú wà nínú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò pẹ̀lú: *prosōpon*, ojú, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbígba ojú ẹni ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èdè méjì tó jìnnà síra pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí pé níbi gbogbo ojú la kọ́kọ́ máa ń wò ká tó mọ ẹni tí a ó fún ní àga.

Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu wa lóde òní ni pé oore-ọ̀fẹ́ ti ń di ojúrere ọ̀gá ńlá. Ẹ gbọ́ àwọn gbólóhùn yìí: "Oore-ọ̀fẹ́ tó wà lórí Dádì wa pọ̀." "Ẹ sún mọ́ ẹni tí oore-ọ̀fẹ́ wà lórí rẹ̀." "Oore-ọ̀fẹ́ ti sọ̀rọ̀ fún mi, torí náà ni mo ṣe dé ibi tí mo dé." Nínú lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, a ń fún ni, a sì ń gbà á. Nínú gbólóhùn tiwa, ó ti di nǹkan tí ẹnì kan ní ju ẹnì kejì lọ, tí a fi ń mọ ẹni ńlá. Ohun tí a ṣe láti fòpin sí ipò ti di àmì ipò.

Ẹnì kan á ní, "Prof, 'wà lórí' náà wà nínú Bíbélì." Òótọ́ ni. Ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: orí gbogbo wọn ló wà. Ẹ tún ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, ẹ ó rí ẹ̀rí tí Lúùkù fi múlẹ̀: kò sí ẹni tó ṣaláìní láàárín wọn, torí pé àwọn tó nílẹ̀ àti ilé ń tà á láti fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀rí oore-ọ̀fẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe mọ́tò ẹnì kan.

Ẹlòmíì á ní, "Ọ̀wọ̀ àgbà ńkọ́? Yorùbá ni wá." Mo gbà, mo tún fẹ́ ká lọ síwájú nínú ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti àṣà Yorùbá ni, èmi ló yẹ kí n dìde fún màmá yẹn! Àgbà mi ni. Àṣà wa kọ́ ló lé e síta, oyè ló lé e. Ọ̀wọ̀ tòótọ́ ń fi kún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. Kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíì kó tó ṣe é. Níbi tí ẹnì kan bá ti ní láti dìde kí n tó jókòó, a ti kúrò nínú ọ̀wọ̀, a ti dé ojúsàájú.

Ẹ sì gbọ́ ohun tí màmá sọ lẹ́ẹ̀kan sí i: "Ẹ jókòó, sà." Ó fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀, èmi àbúrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ yìí ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yín, mi ò mọ̀ pé yóò bá mi délé báyìí. Nínú Bíbélì wa, *ìwọ* ni wọ́n fi bá olówó Jákọ́bù sọ̀rọ̀, *ìwọ* náà ni wọ́n fi bá tálákà rẹ̀ sọ̀rọ̀. *Ìwọ* ni wọ́n ń pe ọba, *Ìwọ* ni wọ́n ń pe Ọlọ́run. Ẹ lè ní torí pé Hébérù àti Gíríìkì kò ní ẹ ọlọ́wọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bí: ìwé kan wà lédè Yorùbá tí gbogbo èèyàn ti dúró lórí ilẹ̀ kan náà níwájú Ọlọ́run àti níwájú ara wọn. Àwa náà sì ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀. "Olúwa, O ṣeun," la ń wí. Lóòótọ́, àwọn ọ̀dọ́ ti ń ní "Ẹ ṣé, Bàbá" báyìí, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè yẹn, èmi àti ẹlẹ́kọ jọ sọ "O ṣeun" fún Ẹni tó dá ọ̀run òun ayé. Àárín àwa méjèèjì ni ẹ wà, òdìkejì ibi tó yẹ kó gbà lọ sì ni ó gbà lọ.

Kí wá ni ká ṣe? Mi ò ní ká yí ọ̀rọ̀ náà padà. Oore-ọ̀fẹ́ ti jókòó sínú èdè wa, ó sì yẹ ẹ́. Ohun tí mo dábàá ni pé ká máa dán gbólóhùn wa wò. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa oore-ọ̀fẹ́, ẹ bi ara yín bóyá màmá tó wà lábẹ́ kánópì lè sọ gbólóhùn kan náà nípa ara rẹ̀ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. "Nípa oore-ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi gbà mí": ó lè sọ ọ́. "Oore-ọ̀fẹ́ ló gbé mi dé ìlà iwájú": kò lè sọ ọ́, pàápàá lọ́jọ́ tí wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ra mọ́tò kó dúpẹ́, ó tọ́ bẹ́ẹ̀; kó pè é ní ìbùkún, kó pè é ní àánú. Ṣùgbọ́n kó fi oore-ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ẹlẹ́kọ náà rí gbà bíi tirẹ̀, láìdín kù.

Mo lọ bá màmá nídìí ẹ̀kọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí eékún mi ṣe gbà mí láyè mọ, mo ní kó má bínú. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé torí ìjókòó yẹn lẹ ṣe rìn wá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní atẹ́gùn ń fẹ́ lábẹ́ kánópì ju ti inú lọ, kí n wá gbìyànjú rẹ̀. Ó we ẹ̀kọ mẹ́rin fún mi. Mo béèrè pé èló ni, ó ní kí n máa lọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìta ni mo jókòó sí. Ọmọkùnrin ọjọ́sí sáré wá mú mi wọlé. Mo ní kó lọ mú màmá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ̀ pé mi ò lè ṣe kí n má fún yín. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ mú bébà kékeré dání. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbọ́ oore-ọ̀fẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a rìn sílẹ̀: gbà ni, fún ni, wà lórí ni, gbé dé ni, sọ̀rọ̀ fún ni? Ẹ kọ ẹni tó wí i, ẹ kọ ibi tó jókòó sí. Lẹ́yìn náà ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á kí n tó padà sórí ohùn àárín.